Kámẹ́rà Tí Mo Gbàdúrà Lé Lórí

Akínfẹ́mi àbúrò mi kì í ṣe irú ẹni tí wọ́n máa ń kọ ìtàn ayé rẹ̀. Kò lówó, kò joyè, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní, ta ni yẹn gan-an? Èmi náà á wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé: ọkùnrin gíga yẹn, tó máa ń jókòó sẹ́yìn, tó máa ń fọwọ́ pa igi àga wò kó tó jókòó lé e. Wọ́n á ní àwọn ti rántí. Irọ́ ni, wọn kò rántí ẹnì kankan. Ó máa ń bí mi nínú, ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn.

Èmi Ayọ̀níkẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jù ú, ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ní ẹ̀rọ kan tó ń mú igi yí bìrìbìrì, tí òun á sì máa ti irin mímú mọ́ igi náà lára títí á fi di roboto. Ẹsẹ̀ àga àti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló ń fi ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ni Akínfẹ́mi ti kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Bàámi fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tó máa ń yin ọmọ.

Ọdún 2001 ló wá bá mi ní Berlin. Marzahn ni mo ń gbé nígbà náà, ní àjà kẹsàn-án, nínú ilé kan tí lífìtì rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún kó má bàjẹ́. Mo sọ fún un pé kó fara balẹ̀, pé kí oṣù mẹ́fà tó pé, yóò ti rí iṣẹ́ igi. Mi ò mọ ẹyọ ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ igi ní gbogbo Berlin. Mo kàn sọ ọ́ kí ara lè tù ú ni.

Kí n tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ níbí: mo mọ irọ́ ìtùnú pa. Nígbà tí Bàámi dùbúlẹ̀ àìsàn tó kẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ fún Akínfẹ́mi lórí fóònù pé Bàámi ti ń jẹun, pé ó tiẹ̀ ń bèèrè ẹran. Omi lásán kò gba ọ̀nà ọ̀fun Bàámi. Nígbà tó wá mọ̀, kò bínú, ó kàn ní, "Ẹ̀yin náà ṣá, Àǹtí." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti sọ ohun tó dùn létí, á kọ́kọ́ wò mí díẹ̀ kó tó gbà á.

Iṣẹ́ igi kò yọjú. Ní 2003, ó rí iṣẹ́ ní Hamburg, ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Billbrook, níbi tó ti ń to páálí lé páálí láti àárọ̀. Mo ní kì í ṣe ibi tó máa pẹ́ sí. Ó lé ní ọdún márùn-ún níbẹ̀. Èmi náà kó kúrò ní Marzahn lọ sí Gesundbrunnen, mo ń lọ aṣọ fún ilé ìfọṣọ kan, títí di òní ni mo ṣì ń lọ ọ́.

Billbrook yẹn ló ti pàdé Maximilian. Bàbá òyìnbó arúgbó kan ni, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní yàrá iṣẹ́ kan lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí náà, gbogbo ara rẹ̀ eruku igi. Lọ́jọ́ kan, ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán, Akínfẹ́mi gbọ́ ìró ẹ̀rọ tí ń yí igi. Ó tẹ̀ lé ìró náà dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀ títí àsìkò ìsinmi fi parí. Ọjọ́ kejì, ó tún lọ dúró. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá náà na irin kan sí i láìsọ nǹkan kan, bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Mo bẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan, mo jókòó tì wọ́n fún wákàtí méjì, ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì kò pé mẹ́wàá. Ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ yún mi pa.

Ohun tí Maximilian fi kún ìmọ̀ rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ inú ìkòkò igi. Kì í ṣe abọ́ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ìkòkò gan-an ni mò ń wí, tí inú rẹ̀ jìn, tí ẹnu rẹ̀ kò gbà ju ìka mẹ́ta lọ. Ẹnu kékeré yẹn ni wọ́n á ti irin gígùn gbà wọlé, ìkòkò á máa yí, abẹ tó wà lórí irin náà á sì máa họ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú kò lè débẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ máa dá ẹ̀rọ dúró, kó máa wọ̀n ọ́n, kó tún máa tẹ́tí sí ìró rẹ̀, kó lè mọ bí ara ìkòkò ṣe kù tó. Bí ó bá ṣi ìwọ̀n, abẹ á yọ sí ìta, gbogbo iṣẹ́ á sì di igi ìdáná.

Ní 2007, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í da Akínfẹ́mi láàmú. Ó ń fi èjìká gbá ènìyàn lọ́nà, ó ń gbá ife dànù nídìí tábìlì. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, wọ́n ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní Grüner Star ni, pé ó máa ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, pé ó máa ń bá ìdílé rìn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó fọ́ Bàámi lójú ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ní ilé, wọ́n ti fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan eruku igi, wọ́n ti fi kan obìnrin àdúgbò kan tí kò ṣẹ̀. Dókítà ní ibi tó ti jẹ kò lè padà, ṣùgbọ́n bí Akínfẹ́mi bá ń kán oògùn sí ojú láàárọ̀ lálẹ́, èyí tó kù lè bá a dé ọjọ́ ogbó. Bí kò bá kán an, kò ní pẹ́ lọ. Ó ń kán an. Ó so ìgò rẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó má baà gbàgbé.

Ìgbà yẹn ni Maximilian mú kámẹ́rà dé. Kékeré ni, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ nítorí olè. Ó dè é mọ́ orí ọ̀pá kan lókè ẹ̀rọ, ó dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, ọ̀pá náà sì ń bá irin ìgbẹ́nú rìn: ibi tí abẹ bá yà sí nínú ìkòkò, òkè ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kámẹ́rà á wà. Àwòrán rẹ̀ ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan. Kí Akínfẹ́mi tó ti irin wọlé, á kọ́kọ́ fi abẹ hàn kámẹ́rà ní ìta, á fi máákà pupa fa ìlà yí i ká lórí gíláàsì tẹlifíṣọ̀n, á sì yọ̀ǹda àlàfo díẹ̀ fún bí ó ṣe fẹ́ kí ara ìkòkò nípọn tó. Bí abẹ bá ti wọnú igi tí ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́, ìlà pupa yẹn ló ń sọ ibi tó wà. Nígbà tí ìlà bá kan etí ìta ìkòkò lórí tẹlifíṣọ̀n, ó tó bẹ́ẹ̀, kó fà á jáde.

Ojú Akínfẹ́mi tí kò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́ ṣì ń rí iwájú kedere. Tẹlifíṣọ̀n náà kò tóbi, gbogbo rẹ̀ gba inú àyè tó ṣẹ́kù fún un. Ó pè mí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lò ó, ó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èmi tí mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti rí ojú mìíràn. Mo sunkún ayọ̀ lórí aṣọ tí mò ń lọ, mo tún un lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí yóò fi padà wá sí Berlin. Kò jìnnà sí ilé mi, obìnrin kan tó ń jẹ́ Emilia ní ilé iṣẹ́ ọwọ́ kan, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn èèyàn ní yíyí igi. Mo gbé abọ́ kékeré kan tí Akínfẹ́mi ṣe lọ fún un. Ó yí i wò, ó ní ọwọ́ yìí mọ nǹkan, ṣùgbọ́n kí ó mú ìkòkò jíjìn kan wá kí oṣù kẹwàá 2008 tó parí, èyí tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí òun bá rí i, iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ ojú Akínfẹ́mi fún un. Ó ní ẹni tó ń kọ́ni kò nílò ju ọwọ́ àti iwájú lọ. Èyí kì í ṣe irọ́ ìtùnú, obìnrin náà sọ ọ́, mo sì fi etí ara mi gbọ́ ọ.

Akínfẹ́mi mọ igi tí yóò lò. Nígbà tí mo lọ sin Bàámi ní 2006, ìwé ìgbélùú Akínfẹ́mi kò jẹ́ kó lè wá, ohun kan ṣoṣo ló ní kí n mú bọ̀ fún òun: ìtì igi àpá tí Bàámi máa ń jókòó lé nínú ìsọ̀ rẹ̀. Aṣọ mi méjì péré ni mo rí kó bọ̀, ìtì igi ló gba gbogbo àpótí. Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú bi mí léèrè títí pé kí ló wà nínú igi. Mo ní bàbá mi ni. Ọdún méjì ni ìtì náà fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Akínfẹ́mi, kò fi abẹ kàn án.

Oṣù kẹwàá náà ni pásítọ̀ wa ní kí gbogbo wa ra òróró ólífì wá, ó gbàdúrà sí i, ó ní kí kálukú ta á sí irinṣẹ́ rẹ̀ àti ti ará ilé rẹ̀ lára kí oṣù tó pé. Mo ta á sí áyọ́ọ̀nù mi lára. Ní ọjọ́ Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Hamburg pẹ̀lú ìgò òróró nínú báàgì. Mi ò sọ ọ́ fún Akínfẹ́mi, torí mo mọ̀ pé bí nǹkan bá ti kan yàrá iṣẹ́ yẹn, kì í gba àlejò, ì báà jẹ́ áńgẹ́lì.

Nígbà tí mo dé, ìkòkò náà ti wà lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i, ẹ̀yin ni mo káàánú fún. Igi pupa rẹ̀ ń dán, èjìká rẹ̀ ṣe roboto, mo rí ibi tí ìdí Bàámi ti tẹ igi náà dúdú, Akínfẹ́mi sì ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ní ara rẹ̀ ṣì nípọn díẹ̀ jù, pé ìgbà tó kẹ́yìn ni òun fẹ́ gbé abẹ gbà á yìí kó lè fẹ́lẹ́ bíi bisikíìtì. Maximilian ń lọ sílé nígbà náà, ẹsẹ̀ ń dùn ún, Akínfẹ́mi sì fẹ́ sìn ín dé ibùdókọ̀.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o. Mo ti ṣe Einstellung kámẹ́rà láàárọ̀, mo ti tò ó sípò, irin ti wà nínú ìkòkò."

Inú bí mi díẹ̀. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, mo wá di ẹni tí wọ́n ń kìlọ̀ fún bí ọmọdé. Mo ní kó máa lọ.

Bó ti jáde ni mo yọ òróró. Mo fi ta ẹ̀rọ lára, mo fi ta ìdí irin, mo gbàdúrà lórí wọn. Ó kù kámẹ́rà. Mo rò ó pé bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tó yẹ kí Ọlọ́run fọwọ́ kàn, òun náà ni, nítorí òun ti di ojú àbúrò mi. Mo fi àtàǹpàkò ta òróró sí i lórí, mo wá gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé e bí a ṣe ń gbé ọwọ́ lé orí ẹni tí à ń gbàdúrà fún. Mo di í mú. Mo gbàdúrà gidi, mo mi orí rẹ̀ bí pásítọ̀ ṣe ń mi orí wa.

Mo gbọ́ tó dún gírí díẹ̀. Nígbà tí mo wo tẹlifíṣọ̀n, ìlà pupa ti sún kúrò níbi tí mo ti rí i tẹ́lẹ̀. Mo rọra yí kámẹ́rà padà, mo ń wo ìlà náà, títí ó fi jọ pé ó ti padà sí ibi tó wà. Mo fi gèlè mi nu òróró tó ṣẹ́kù. Mo sọ fún ara mi pé ó ti bọ́ sípò. Bí mo bá tan ara mi jẹ, kò lè ju ìdajì èékánná lọ.

Akínfẹ́mi padà dé. Ó bọ́ kóòtù, ó wo ẹ̀rọ yíká, ó ní, "Ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, àbí?"

Mo ní, "Rárá. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ó tan ẹ̀rọ. Mo jókòó sórí àpótí, ọwọ́ mi wà láàárín itan mi. Ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, kò wo ìkòkò rárá, eruku pupa ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo wo ìlà pupa, mo rí i pé àlàfo ṣì wà láàárín òun àti etí ìkòkò, ọkàn mi wálẹ̀. Ibi tí ọkàn mi ti ń wálẹ̀ náà ni ìró ẹ̀rọ yí padà, nǹkan kan fọ́ pàá, abẹ sì yọ lára èjìká ìkòkò. Ihò náà tó ojú àtàǹpàkò.

Akínfẹ́mi pa ẹ̀rọ. Ó fi ìka wá ihò náà rí, ó fi wọ inú rẹ̀, kò yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wo tẹlifíṣọ̀n pẹ́.

Ó ní, "Mo wo ìlà yẹn, Àǹtí. Mo rí i pé kò tíì kan etí. Ó ti kàn án, èmi ni mi ò rí i. Iwájú náà ti ń lọ."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo ní bóyá igi ló ní àléébù, mo tún parọ́ mìíràn lé ti àkọ́kọ́. Ó mi orí, ó ní igi Bàámi kò ní àléébù. Ó gbá eruku ilẹ̀, ó yọ ìkòkò kúrò lórí ẹ̀rọ, ó fi aṣọ wé e. Mi ò lè jẹun nínú ọkọ̀ títí mo fi dé Berlin.

Emilia kò le. Ó ní àṣìṣe ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́, kí ó fi igi mìíràn ṣe òmíràn wá kí ọdún tó parí, òun á dúró. Mo pe Akínfẹ́mi, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹni tí kò rí ìlà tó wà ní iwájú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró ti irin mímú, ká má sọ pé yóò kọ́ ẹlòmíràn. Ká ní mo sọ òtítọ́ lọ́jọ́ náà, ì bá tún ẹ̀rọ tàn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà tí fóònù wà létí mi. Ní Sunday, àwọn èèyàn ń dìde jẹ́rìí ohun tí òróró ṣe fún wọn, èmi jókòó, ìtìjú sì mú mi dé egungun. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n óò sọ ọ́. Ọdún tuntun dé, Emilia gba ẹlòmíràn.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Akínfẹ́mi ti dáwọ́ oògùn ojú dúró. Ó rò pé èyí tí òun ń kán án sí ti lọ tán, kí ni òun tún ń kán oògùn sí fún. Oṣù karùn-ún ni mo tó mọ̀, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí fún un ní ìwé ìdádúró nítorí pé ó ń kọlu ẹrù. Mo lọ kó o wá sí Gesundbrunnen. Dókítà bínú sí wa, ó ní ní oṣù kẹwàá tó kọjá, iwájú ojú rẹ̀ kò ní nǹkan tó ṣe é, pé ó wà nínú ìwé àyẹ̀wò. Akínfẹ́mi kò gbọ́ èdè àwọn dókítà yẹn tó bẹ́ẹ̀, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo ní dókítà ní ká máa gbàdúrà.

Kí ọdún 2009 tó parí, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló kù tó lè yà sọ́tọ̀. Ó ń jókòó nídìí fèrèsé nínú kíṣìnì mi, ìkòkò àpá ń bẹ lórí itan rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ nínú ihò náà. Bí mo bá ní àlejò, á gbé e fún wọn, á fi ọwọ́ wọn kan ihò, á ní, "Ibí ni ojú mi kú sí." Maximilian ti kú ní ìgbà ẹ̀rùn, ọmọ rẹ̀ ti kó gbogbo ohun tó wà nínú yàrá iṣẹ́ náà dànù, kámẹ́rà bá wọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, ó fi ihò náà han obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n.

Mo ní, "Fẹ́mi, kì í ṣe ojú ẹ. Èmi ni mo yí kámẹ́rà yẹn. Nígbà tó o sin Maximilian dé ibùdókọ̀, mo fi òróró sí i, mo dì í mú gbàdúrà, ó yí, mi ò sì sọ fún ẹ. Ojú ẹ ń ríran lọ́jọ́ yẹn. Dókítà gan-an sọ ọ́, mi ò túmọ̀ ẹ̀ fún ẹ ni."

Ó kọjú sí ibi tí ohùn mi ti wá, bí ó ṣe máa ń wò mí nígbà tó ṣì ń ríran. Lẹ́yìn náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Àǹtí mi. Ẹ ní Bàámi ń jẹun. Ẹ ní iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ò ní pẹ́. Mo bi yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ ní ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, mo sì gbà yín gbọ́. Ẹ má parọ́ mọ́ ara yín nítorí mi."

Mo búra. Mo fi orúkọ Bàámi búra, mo fi Bíbélì búra, mo sáré lọ mú ìgò òróró náà wá, mo fi sí i lọ́wọ́. Ó gbé e sórí fèrèsé láìṣí i. Ó na ọwọ́, ó wá orí mi títí ó fi rí i, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ó ní kí n má sunkún mọ́, pé òun ti dárí ji ojú òun tipẹ́.